Sí Bàbá Ọmọlará, Tó Kọ̀ Láti Kọ́ Mi Ní Alùpùpù Gígùn

Ọdún méjì rèé tí ẹ lọ, Bàbá Ọmọlará. Ọdún méjì gbáko! Ẹ kò dágbére, ẹ kò tọrọ gáfárà, ẹ kàn lọ.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò yín Bọ́dúnrìn ló kọ ọ̀rọ̀ ìrántí yín. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó ń dán. Ó fi fọ́tò ara rẹ̀ sẹ́yìn ìwé, fọ́tò náà sì tóbi ju tiyín tó wà níwájú lọ. Ó kọ ọ́ pé onírẹ̀lẹ̀ ni yín. Ó kọ ọ́ pé ọ̀gá ni yín nídìí alùpùpù, pé kò sí ọ̀nà tí ẹ kò tọ̀, kò sí òkè tí ẹ kò gùn. Èmi tí mo bá yín gbé fún ọdún mẹ́rìnlélógún ka ìwé náà tán, mo tún ṣí iwájú rẹ̀ wò, bóyá òkú ẹlòmíràn ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Lọ́dún yìí, ọwọ́ mi ni gègé wà. Ẹ jókòó dáadáa níbi tí ẹ wà.

Nǹkan ti yí padà nílé. Ọmọlará ti parí àgùnbánirọ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́ l'Ábẹ́òkúta, ó sì ti ń fi ohùn yín gan-an bá àwọn ènìyàn wí lórí fóònù. Àjà pálọ̀ tí ẹ ní ẹ máa kàn láti ìgbà tí ọmọ náà wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, mo ti kàn án. Mo ti kun ilé. Àwọ̀ ewé tí ẹ kórìíra ni mo fi kùn ún! Pálọ̀ kò sì rùn epo mọ́, nítorí pé Olorì ti jáde kúrò níbẹ̀.

Kí ẹni tí kò mọ̀ yín tó ń ka ìwé yìí má ṣe ṣì mí gbọ́, Olorì kì í ṣe ìyàwó kejì. Alùpùpù ni. Pupa ni. Ọdún tí Ọmọlará wọ ilé ẹ̀kọ́ gíráámà ni ẹ rà á. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ l'Ódógbolú, ẹ sọ ẹ̀rọ ní Olorì, ẹ sì ń pe èmi ní Ìyá Ọmọlará. Bí àwọn ará àdúgbò ní Mọ́lípà bá béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n Ernest, Olorì ńkọ́?" mo ti máa ń la ẹnu láti dáhùn pé mo wà kí n tó rántí pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń béèrè.

Ọ̀rá tó bo ìjókòó rẹ̀ láti ilé ìtajà, ọdún mọ́kànlá gbáko ni ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Bí oòrùn bá mú, ọ̀rá náà á lẹ̀ mọ́ mi nítan bí àlẹ̀mọ́. Mo ti gé e ya, Bàbá Ọmọlará. Sísọ́ọ̀sì ni mo fi gé e. Mo gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo sì ń gbádùn bó ṣe ń dún.

Láràárọ̀ Sátidé, wákàtí méjì ni ẹ fi ń nu Olorì. Lẹ́yìn náà ẹ ó wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, ẹ ó fi jígí dúdú sójú, ẹ ó dé akoto, ẹ ó sì gùn ún jáde pẹ̀lú ìrìn ẹni tó ń tẹ̀lé òkú. Mo rí i fúnra mi ní ọ̀nà Òkè Ajé, ewúrẹ́ kan kọjá yín lọ́jọ́ náà, ó sì bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀yin ń mi orí sí ọ̀tún, ẹ ń mi orí sí òsì, bí ọba tó ń gba ìkíni. Mo rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Mo ti mọ ohun tó jẹ́ báyìí, ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́ mi.

Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn Òdógbolú láti lọ máa kọ́ wọn ní ìtàn. Láràárọ̀ ni mò ń dúró de ọlọ́kadà nínú òjò. Ẹ rẹ́rìn-ín, níwájú àlejò ni o! Ẹ ní, "Ìyá Ọmọlará, ẹṣin ni wọ́n ń gùn nílé yín. Ẹ̀rọ lèyí. Ẹ̀rọ kì í jẹ koríko." Òótọ́ ni pé ẹṣin là ń gùn. Ìdílé jagunjagun ni bàbá mi, ẹṣin la sì fi ń lọ kí ọba ní ojúde ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ fi ìjánu lé mi lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀sùn ni.

Ìgbà kejì, ẹ ní kí n gòkè jókòó lórí rẹ̀ nínú ọgbà ná, ká wò ó. Mo jókòó. Olorì fì, èmi àti òun sì jọ lulẹ̀. Ẹ sáré wá. Ẹ gbé Olorì! Ẹ wo iná rẹ̀, ẹ wo táńkì rẹ̀, ẹ fọwọ́ pa á lára, lẹ́yìn náà ni ẹ wá bi mí pé, "Ṣé kò sí ohun tó ṣe ọ́?" Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ fi sọ ìtàn yẹn. Ẹ sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ sọ ọ́ nílé òkú, ẹ sọ ọ́ fún lèmọ́mù nílé bàbá mi. Ẹ ó gbé àga, ẹ ó gùn ún, ẹ ó sì fi bí mo ṣe ṣubú hàn wọ́n, pẹ̀lú igbe.

Ìgbà kẹta, mo ti pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ẹ ní egungun ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ́ nǹkan. Ọdún mélòó ni ẹ̀yin alára nígbà tí ẹ kọ́ ọ? Ọdún méjìlélógójì ni!

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru mú yín lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sídé, kí tíì yín tó tutù. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn. Mo bo tíì náà, mi ò mọ ìdí tí mo fi bò ó.

Wọ́n ṣe ìpàdé ẹbí l'Ódógbolú lẹ́yìn ìsìnkú. Bọ́dúnrìn ti wọ ìbọ̀wọ́ yín kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ó dìde, ó tún agbádá ṣe, ó ní, "Ohun tí ọkùnrin bá gùn, obìnrin kì í jogún rẹ̀. Àbí kí ló fẹ́ fi ṣe? Kó máa wò ó bíi tẹlifíṣọ̀n?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé wọ́n rẹ́rìn-ín, ó bá gbé àga. Bẹ́ẹ̀ ni o! Ó gun àga náà, ó sì ṣubú bí ẹ ṣe máa ń ṣubú fún wọn, pẹ̀lú igbe. Nínú gbogbo ogún yín, ìyẹn ló kọ́kọ́ mú.

Mo bá ara mi tí mò ń sọ pé, "Mo máa gùn ún."

Àǹtí Helen, ẹ̀gbọ́n yín, ló dáhùn. Ẹ mọ̀ wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n ti fún gbogbo Òdógbolú ní abẹ́rẹ́ nídìí, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ṣe fáàrí níwájú wọn. Wọ́n ní, "Ẹ gbọ́. Ẹ̀rọ yìí á wà lọ́dọ̀ ìyàwó títí di ìrántí ọdún kan. Bó bá gùn ún láti Ìjẹ̀bú-Òde wọ àgbàlá yìí lọ́jọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni ò tì í, tirẹ̀ ni títí ayé. Bí kò bá lè gùn ún, Bọ́dúnrìn, kí o wá gbé e."

Bọ́dúnrìn ní, "Àǹtí, kí la tún ń dúró dè fún ọdún kan?"

Àǹtí Helen ní, "Bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn."

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí lọ́jọ́ náà. Orúnkún mi kan ń dún. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ẹ sì mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú tí inú ń bí kì í sùn gbàgbé.

Mùínátù ló kọ́ mi. Nọ́ọ̀sì ni, alùpùpù ló máa ń gùn kiri àwọn abà tó wà lẹ́yìn Ìjagun láti lọ fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni tẹ́lẹ̀. Mi ò tíì gbé ẹsẹ̀ kan sókè kó tó ní, "Mà, ẹ rántí pé ẹ fún mi ní méjì nínú ogún nínú ìdánwò ìtàn?" Mo ní mo rántí. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ gòkè."

Pápá gbalasa kan ní Ìjagun la ń lò, ní àárọ̀ Sátidé. Ọwọ́ òsì ni kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ òsì ni jíà, ọwọ́ ọ̀tún ló ń fún ẹ̀rọ níná, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni bíréèkì. Èmi tíṣà, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo há a sórí, mo kà á fún Mùínátù láìwòwé. Mo rò pé mo ti gba máàkì. Ìgbéraga èmi náà kò kéré, mi ò sọ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ni ín.

Olorì gbéra. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, ó dùn! Adìyẹ kan bá sá kọjá níwájú mi. Ara mi kò béèrè lọ́wọ́ ìwé tí mo há. Ohun tí bàbá mi kọ́ mi ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ara mi ṣe, mo fi ọwọ́ méjèèjì fa ìjánu mọ́ àyà kí ẹṣin lè dúró. Ẹ̀yin tí ẹ mọ alùpùpù ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí mo ṣe fà á ni ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi ń yí, bó ṣe ń yí ni iná ń pọ̀ sí i. Olorì bú ramúramù! Bó ṣe ń sáré ni mò ń fà á, bí mo ṣe ń fà á ló ń sáré. Mo ń pàṣẹ fún un pé "Dúró! Dúró!" mo sì ń fi orúkọ ẹṣin bàbá mi pè é. Mùínátù ń sá tẹ̀lé mi, ó ń ké pé, "Mà, ẹ má fà á! Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹṣin!"

Oko ẹ̀gẹ́ ló gbà wá. Ìyá arúgbó tó ni oko náà nà ró láàárín ebè, ó wò mí níbi tí mo nà sí, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀gẹ́ lẹ wá rà ni, àbí ẹ kàn ń kọjá lọ?"

Mo ronú kàn yín níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ká ní ẹ rí i, ọdún mẹ́sàn-án mìíràn nìyẹn. Ohun tó mú mi dìde nínú oko náà kò ju pé ẹ ti kú, ẹ kò lè sọ ọ́.

Mùínátù wá kọ́ mi ní gbólóhùn kan tí kò sí nínú ìwé kankan. "Mà, bí ẹ̀rù bá bà yín, ẹ tì í kúrò lọ́dọ̀ yín. Ẹ má fà á mọ́ra." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ti ọwọ́ síwájú, lórí alùpùpù, lórí àga, nídìí bọ́ọ̀dù ní kíláàsì, títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bi mí pé kí ni mò ń lé. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Lẹ́ẹ̀mẹ́sẹ̀ẹ̀sán náà, ara mi ni mo kọ́kọ́ wò kí n tó wo Olorì.

Mo jáde sí títì. Àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ìkóríta kò ṣàánú mi. "Ìyá tíṣà, ẹ rọra o, títì kì í ṣe bọ́ọ̀dù!" "Ẹ̀yin ará, ẹ kó ọmọ yín wọlé, Màmá ti dé!" Ọ̀kan tilẹ̀ bọ́lẹ̀ lórí ọ̀kadà tirẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí mo fi kọjá, ó ní òun ń gba àdúrà ìkẹyìn òun. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ń kọjá níbẹ̀ láàárọ̀, mo ń kọjá lọ́sàn-án. Oṣù kan kọjá, ariwo dín kù. Oṣù kejì, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí wọ́n fún mi lọ́nà. Oṣù kẹta, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ yẹn bi mí bóyá mo lè ta Olorì fún òun.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Mo ra jígí dúdú. Mo rí òjìji ara mi lára ògiri kan lọ́nà Òdógbolú, èmi lórí Olorì, aṣọ mi ń fẹ́ lẹ́yìn mi, mo sì mi orí sí i. Mo kí òjìji! Ìgbà yẹn gan-an ni inú bí mi jù lọ. Adùn tó tó báyìí ni ẹ fi pamọ́ fún mi fún ọdún mọ́kànlá! Afẹ́fẹ́ yẹn, Bàbá Ọmọlará! Bí ilẹ̀ ṣe ń sáré kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn! Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ń jẹ ẹ́, ẹ sì ń wá sílé wá sọ fún mi pé ó ń tán ènìyàn lókun.

Ó wá ku òkè.

Ẹ mọ òkè tí mò ń wí. Lẹ́yìn afárá kékeré tó wà lọ́nà Òdógbolú, kò gùn, ṣùgbọ́n ó dúró ṣánṣán, wọ́n sì ṣe ebè sáàárín títì láàárín rẹ̀ kí ọkọ̀ má bàa sáré. Ìgbàkígbà tí ẹ bá gbé mi lọ kí Àǹtí Helen, ẹ ó dúró ní ìsàlẹ̀ òkè yẹn. "Ìyá Ọmọlará, sọ̀kalẹ̀. Olorì ò gbọdọ̀ ṣe àṣejù." Èmi á sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà gíga àti kúlà ìkọ́kọrẹ́ lọ́wọ́, n ó fi ẹsẹ̀ gun òkè nínú oòrùn, ẹ̀yin á sì ti dúró lókè tí ẹ ń wò mí bọ̀. Mo gbà gbọ́. Mo rò pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀rọ jù mí lọ, mo sì ti fara mọ́ ọn, bí àwọn obìnrin ṣe ń fara mọ́ nǹkan.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gùn ún, Mùínátù wà lẹ́yìn mi. A dé ebè, Olorì kú. A bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Mùínátù fò bọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Mà, mo fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n mo lọ́mọ nílé." Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló kú. Ìrántí ọdún ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bọ́dúnrìn ti pe mí lórí fóònù, ó ń béèrè bóyá òjò kò pa ẹ̀rọ òun.

Mo gbé Olorì lọ bá Síkírù, mẹkáníìkì yín. Mo ní kó wò ó, pé kò lágbára òkè, pé ọkọ mi ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Síkírù wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí táyà.

"Ìyá, ẹ̀rọ yìí lè gbé ẹ̀yin àti àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta gun òkè yẹn. Àbí Ẹ̀gbọ́n ò sọ fún yín ni?"

"Kí ni wọ́n ò sọ fún mi?"

Ó wò yíká bí ẹni pé ẹ ṣì lè wọlé. Ó ní nínú oṣù tí ẹ ra Olorì, ẹ gbé ẹnì kejì yín ní ọ́fíìsì sẹ́yìn, pẹ̀lú fáìlì ìjọba. Ẹ dé ebè, ẹ̀rọ kú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ fà sẹ́yìn dé ìsàlẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì sì wọ inú odò lọ́sàn-án gangan níwájú àwọn obìnrin tó ń rẹ ẹ̀gẹ́. Ó ní fáìlì ń léfòó. Ó ní ẹ mú òun búra pé òun kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá ará ilé. Láti ọjọ́ náà ẹ kò gbé ènìyàn gun òkè yẹn mọ́. Bó bá sì ku ẹ̀yin nìkan, ẹsẹ̀ méjèèjì ni ẹ ń fi wọ́lẹ̀ gùn ún bíi pẹ́pẹ́yẹ. Mo ti máa ń rí i láti ìsàlẹ̀, mo rò pé ẹ ń kẹ́ Olorì ni.

Ẹ̀rù! Ẹ̀rù ni! Olorì kọ́ ló ń ṣe àṣejù. Ẹ̀rù ló ń bà yín, Ernest ọmọ Òdógbolú, ẹlẹ́rọ pupa, onígíláàsì dúdú! Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ẹsẹ̀ gun òkè kí ẹ má bàa sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi kọ́ mi. Bí mo bá kọ́ ọ, mo máa mọ̀.

Ẹ̀san mi nìyí, mo ti kọ ọ́. Ó ti wà lórí bébà, igba ẹ̀dà, àwọn ará ọ́fíìsì yín yóò kà á, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín yóò kà á, àwọn tí wọ́n rí yín tí ẹ ń fi àga ṣubú bí èmi yóò sì kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Síkírù ló kọ́ mi ní òkè. Ó ní kí n fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì pin, kí n fún un níná díẹ̀, kí n máa tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí n ó fi gbọ́ lára Olorì pé ó fẹ́ lọ, nígbà náà ni kí n tó gbé ẹsẹ̀. Sátidé méjì péré ló gbà. Sátidé méjì, Bàbá Ọmọlará! Ẹ̀yin ìbá ti lọ bá a.

Ọjọ́ ìrántí pé. Àǹtí Helen ti pe Bọ́dúnrìn pé kó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde láàárọ̀, kó jókòó sẹ́yìn mi, kó lè jẹ́rìí pé ẹnikẹ́ni kò tì mí. Ó dé pẹ̀lú agbádá funfun àti ìbọ̀wọ́ tuntun. Adúmáadán ni mò ń pè é, orúkọ tí mo sọ ọ́ nígbà tí ẹ gbé mi wọlé, mi ò jẹ́ pe àbúrò ọkọ mi lórúkọ lójú ara rẹ̀, inú ìwé yìí nìkan ni. Mo ní, "Adúmáadán, ẹ di ẹ̀yìn mú." A kọjá ìkóríta. Àwọn ọlọ́kadà kí mi, wọn kò kí i.

A dé ìsàlẹ̀ òkè. Mo dúró.

"Adúmáadán, ẹ sọ̀kalẹ̀. Olorì ò gbọdọ̀ ṣe àṣejù."

Ojú rẹ̀ tàn. "Ṣé kò lè gùn ún ni?"

"Yóò gùn ún. Ẹ̀yin ni kò fẹ́ gbé."

Ó bọ́lẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ó rò pé mo ti kùnà. Mo gùn ún. Mo dé ebè, mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró lórí rẹ̀, mo fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, mo tẹ́tí. Mo gbọ́ ọ lára Olorì pé ó fẹ́ lọ. Mo jẹ́ kó lọ.

Mo dúró lókè, mo yí ojú padà láti gbádùn ara mi. Bọ́dúnrìn ń fi ẹsẹ̀ bọ̀ nínú oòrùn. Ọkọ̀ igi kan kọjá, ó bu eruku pupa lé agbádá. Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ọdún kan ni mo fi ń dúró de ẹ̀rín yẹn.

Ó wá fa áńkáṣíìfù yọ, ó fi nu ọrùn láti ẹ̀yìn wá síwájú, èjìká òsì rẹ̀ sì rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ìrìn yín ni. Mi ò rí i rí pé òun náà ní ìrìn yín. Ẹ̀yin ni ẹ ń gun òkè bọ̀ wá bá mi, ẹ sì ń mí gúlegúle.

Ẹ̀rín náà kò parí. Mo dúpẹ́ pé mo ti ra jígí dúdú.

Mo dúró níbẹ̀, mo sì bi yín ní ìbéèrè tí mo ṣì ń bi yín. Ní gbogbo ọdún tí ẹ fi dúró sórí òkè yìí tí ẹ ń wò mí bọ̀ pẹ̀lú kúlà lọ́wọ́, kí ni ó ń wá sí yín lọ́kàn? Ẹ kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lókè yẹn. Ẹ kì í nu ẹ̀rọ. Èmi ni ẹ máa ń wò. Bí ìtìjú bá ni, ó tọ́ sí yín. Bí nǹkan mìíràn bá ni, ó yẹ kí ẹ ti sọ ọ́ fún mi.

Ó tún jókòó sẹ́yìn mi, a wọ àgbàlá. Bọ́dúnrìn fo sílẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ó ní kí n sọ̀kalẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè!" Àǹtí Helen ní, "Ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ń sọ ibi tí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀. Àbí ìwọ fẹ́ gùn ún yí àgbàlá ká, kí àwa náà rí i?" Bọ́dúnrìn wo Olorì, ó wo wa, ó ní orúnkún ń dun òun. Ó hàn sí gbogbo wa pé kò mọ̀ ọ́n gùn rárá! Pálọ̀ ló fẹ́ gbé e sí. Ó wá ṣí ìwé tó ń dán náà, ó ka ibi tó ti ní kò sí òkè tí ẹ kò gùn. Síkírù wà lẹ́yìn, ikọ́ mú un, ó sáré jáde.

Báyìí, mo ti di igbá-kejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Olorì ló ń gbé mi lọ. Láàárọ̀ Sátidé, obìnrin mẹ́rin ni mò ń kọ́ ní pápá Ìjagun. Àǹtí Helen ló dàgbà jù nínú wọn, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Wọ́n ń di ọwọ́ ẹ̀rọ mú bí ẹni fẹ́ fún un ní abẹ́rẹ́. Mi ò gbé àga ṣubú bí ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ọmọlará ka ìwé yìí kí n tó gbé e lọ tẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ìrántí kọ́ lèyí. Ẹjọ́ ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sì jẹ̀bi.

Mi ò tíì dárí jì yín, Bàbá Ọmọlará. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbàdúrà pé kí n dárí jì yín lọ́dún yìí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti ṣẹ̀ mí láyé, mi ò rántí ojú wọn. Ẹ̀yin nìkan ni mò ń bá jà láàárọ̀ nínú ilé ìdáná, tí mò ń dá yín lóhùn lórí títì, tí mò ń ronú ohun tí n ó sọ bí ẹ bá la ilẹ̀kùn wọlé. Ẹni tí a kò fẹ́ mọ́, ta ló ń bá a jà fún ọdún méjì? Ká ní ẹ ti sọ fún mi pé ẹ̀rù ń bà yín, èmi náà ìbá sọ pé ẹ̀rù ń bà mí, à bá jọ ti Olorì gun òkè yẹn, à bá jọ ṣubú sódò. Ó dùn mí pé a kò jọ ṣubú sódò.

Lọ́sàn-án òní, mo ń gùn ún bọ̀ lẹ́bàá ibojì yín l'Ódógbolú. Bọ́dúnrìn ní kí n gbé òun, mo ní kó wọ ọkọ̀. N kò ní gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn lónìí.

Èmi ni, Hanifah, aya yín, tí inú ṣì ń bí.